Ohun Tó Ń Gbé Inú Wúlẹ̀mọ̀tù

Aránṣọ ni Wúlẹ̀mọ̀tù. Ìlobù ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì lọ́kọ sí. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, àwọn obìnrin máa ń wá láti Ẹrin àti Òṣogbo wá rán bùbá lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á ní ọrùn aṣọ tó bá gé kì í wọ́. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ dé sí i lára, ojú ló sì kọ́kọ́ bá jà. Ó di pé kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ ń bá a ki òwú bọ̀ ọ́, nígbà tó yá àwọn náà gba òmìnira, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó fi aṣọ bo máṣíìnì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé di ibi tí ewúrẹ́ aládùúgbò ń sùn sí lọ́sàn-án, kò sì lé wọn, nítorí ó máa ń gbọ́ ìró wọn láti inú yàrá, ìyẹn náà sàn ju kí ilé dákẹ́ lọ.

Ọkọ rẹ̀ ti kú. Sofiyullah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń bẹ ní Dùbáì, níbi tó ti ń ṣọ́ ilé ìtajà ńlá kan. Ó máa ń pe ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mọ́mì. Ṣé ara le? Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" Wúlẹ̀mọ̀tù á ní ara le, òun ń lò ó. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ọmọ náà á ní ọ̀gá òun ń pe òun.

Nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé oògùn fún un, ó ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹsẹ̀, ó sì ti ka oúnjẹ tó gbọ́dọ̀ dín kù fún un. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún un ni pé àìsàn yìí yóò yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tó ń jẹun pọ̀. Bó bá dé ibi ìsọmọlórúkọ tàbí ibi àdúà fídáù, wọ́n á gbé ìrẹsì ẹ̀kún àwo kan fún un pẹ̀lú ìgò mínírà. Á ní òun ti yó. Ẹ̀ẹ̀kan, ó gbé kúlà tirẹ̀ dání, ó bu ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ sínú rẹ̀. Ìyá ọmọ rí i, ojú rẹ̀ sì korò.

"Ìyá Sofiyullah, ṣé ẹ rò pé a fi nǹkan sí oúnjẹ wa ni?"

"Rárá o, ọmọ mi. Ara mi ni kò gbà á."

Ẹ̀rín ni obìnrin náà fi dá a lóhùn, ṣùgbọ́n Wúlẹ̀mọ̀tù rí i pé ẹ̀rín náà kò dénú. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pè é síbi ìnáwó, á ránṣẹ́ pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Nígbà tó pẹ́, wọn kò pè é mọ́.

Ọjọ́ tí àwọn alátọ̀gbẹ máa ń lọ gba oògùn ní ilé ìwòsàn Ìlobù ló pàdé Stella. Rachael Adéoyè, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn, ló mú un jáde síwájú àwọn èèyàn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Stella, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì wọ bàtà pẹlẹbẹ bí ẹni tó mọ̀ pé ìrìn pọ̀ níwájú òun. Yunifásítì ló ti ń ṣèwádìí. Ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn kó tó sọ̀rọ̀, ìyẹn sì mú kí àwọn àgbà gbọ́ tirẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, nínú ìfun gbogbo wa ni àwọn kòkòrò kan ń gbé tí ojú lásán ò lè rí. Kì í ṣe aràn ni mò ń wí o. Wọn kò lóǹkà, púpọ̀ nínú wọn sì ń ṣe wá lóore. Àwọn ló ń bá wa lọ oúnjẹ tí agbára ikùn wa ò ká. Àwọn onímọ̀ ti wá rí i pé àwọn tó wà nínú ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kì í sábà rí bákan náà pẹ̀lú tẹni tí ara rẹ̀ dá. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tí ikùn rẹ̀ tóbi, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí ọ̀rá sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara àwọn èèyàn òkè òkun ni wọ́n ti yẹ èyí tó pọ̀ jù wò. A fẹ́ mọ bó ṣe rí lára tiwa níbí, àwa tá à ń jẹ ẹ̀kọ, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́."

Bàbá kan tó gbé ọ̀pá lé itan béèrè pé, "Báwo lẹ ṣe fẹ́ rí ohun tí ojú ò lè rí?"

"Ìgbẹ́ yín la máa gbà, sà. Díẹ̀ báyìí, nínú ike kékeré."

Ẹ̀rín sọ níbẹ̀. Obìnrin kan dìde, ó di gèlè rẹ̀ le.

"Ìgbẹ́ mi? Kí ẹ gbé e lọ síbo? Ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ ń fà lára wa ò tíì tó yín?"

"Ta ló mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe?" ni ẹlòmíì wí láti ẹ̀yìn.

Stella kò bínú. Ó ní kò sí dandan. Ó ní ẹni tó bá gbà, òun yóò wá bá a nílé, òun yóò jókòó tì í, àwọn yóò jọ sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń jẹ àti bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ lójoojúmọ́.

Wúlẹ̀mọ̀tù kò tíì lóye ọ̀rọ̀ kòkòrò náà tán. Ohun tó gbọ́ ni pé ẹnì kan yóò wá sílé òun, yóò jókòó. Ó na ọwọ́ sókè.

Ọ̀sán ni Stella wá. Wúlẹ̀mọ̀tù ti gbálẹ̀, ó ti lé ewúrẹ́, ó ti nu àga tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ọmọbìnrin náà wọn ìgbáròkó rẹ̀, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, ó gún un ní ìka, ó sì ṣàlàyé bí yóò ṣe gba ìgbẹ́ náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí òun tó wá fi yìnyín gbé e. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí i. Ó pẹ́ tí ẹ̀rín ti dún nínú pálọ̀ yẹn.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Ìyá, kí lẹ jẹ lánàá?"

"Láàárọ̀, mo mu ògì díẹ̀ pẹ̀lú èkuru. Ní ọ̀sán, mi ò jẹ nǹkan kan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo jẹ ìyókù èkuru àárọ̀."

"Ta lẹ bá jẹun?"

Wúlẹ̀mọ̀tù wò ó. "Ìyẹn náà wà nínú ìbéèrè ìgbẹ́?"

"Ó wà níbẹ̀, mà. Àwọn tó bá ń gbé pọ̀, tí wọ́n jọ ń jẹun, àwọn kòkòrò inú wọn máa ń jọra ju tàwọn tí kò gbé pọ̀ lọ. Wọ́n máa ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹnì kejì láìmọ̀."

"Èmi nìkan ni mo jẹun," ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí. "Nígbà tí bàbá Sofiyullah wà láyé, abọ́ kan náà la fi ń jẹun. Láti ọjọ́ tó ti gbé mi wọlé ni. Ǹjẹ́ tirẹ̀ ṣì lè wà nínú mi?"

Stella gbé kálàmù sílẹ̀. "Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ ṣì wà, mà. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Kò sí ọ̀nà tí mo fi lè mọ èyí tó jẹ́ tiwọn."

"Kò burú. Mo kàn ń béèrè ni."

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló wá le jù. Stella ní ó máa ń ran àwọn lọ́wọ́ bí àwọn bá rí ọmọ ìyá ẹni, ọmọ bàbá ẹni, tí òun kò ní àtọ̀gbẹ. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n jẹ dàgbà, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà lára wọn, ó sì máa ń rọrùn láti rí ibi tí ìyàtọ̀ wà. Ṣé ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀?

"Mi ò ní," ni Wúlẹ̀mọ̀tù dáhùn. "Kò sí."

Irọ́ ni. Ó ní Màríámọ̀.

Màríámọ̀ ni wọ́n bí lé e. Ìfọ́n ló lọ́kọ sí, kò sì jìnnà. Bí ọ̀kadà bá gbéra ní Ìlobù, kí èèyàn tó sọ̀rọ̀ kan tán, Ìfọ́n ti dé. Nígbà kan, bí Wúlẹ̀mọ̀tù bá se ọbẹ̀ tó dùn, á di díẹ̀ sínú ike, á fi ọlọ́kadà rán an sí àbúrò rẹ̀, ọbẹ̀ náà á sì gbóná dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjà ilẹ̀ tó ti wà láàárín ìlú méjèèjì láti ayé àwọn bàbá wọn tún bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà dí. Àwọn ṣọ́jà dúró lójú ààlà. Àwọn èèyàn kú ní ìhà méjèèjì, ilé jó ní ìhà méjèèjì. Ibi tí Màríámọ̀ àti ọkọ rẹ̀ ti ń fi ẹ̀rọ lọ gbágùúdá jóná, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó dáná sí i. Wúlẹ̀mọ̀tù kò lọ kí wọn. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì tún ń rò ó pé àwọn ará ilé ọkọ àbúrò òun yóò máa wo òun bí ẹni tó ti ìlú ọ̀tá wá. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọkọ tirẹ̀ ṣàìsàn, ó sì kú. Ojú ọ̀nà ni Wúlẹ̀mọ̀tù ń wò ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ń gba àlejò. Màríámọ̀ kò wá. Nígbà tí ọ̀nà ṣí padà, olúkúlùkù ń retí pé kí ẹnì kejì kọ́kọ́ wá. Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Stella wá, Wúlẹ̀mọ̀tù kírun, ó sì fẹ́ ṣàdúà fún ìyá rẹ̀ tó ti kú, bó ṣe máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Báwo lòun yóò ṣe dárúkọ ìyá, nígbà tí òun ti fi ẹnu ara òun sọ pé ọmọ tí ìyá náà bí kò sí láyé? Ó jókòó sórí ẹní títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tó tún lọ gba oògùn, ó fa Rachael sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Nọ́ọ̀sì, mo purọ́ fún ọmọ ọjọ́sí. Mo ní àbúrò. Ìfọ́n ló wà."

Rachael kò béèrè nǹkan kan. Òun náà ń gbé ìlú yìí, ó mọ ohun tó wà nídìí irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Ó kàn gbé fóònù, ó pe Stella, ó sì fún Wúlẹ̀mọ̀tù pé kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù sọ orúkọ Màríámọ̀ àti agbo ilé ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Sọ fún un pé èmi ni mo rán ọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Bí ọ̀kadà bá dúró lẹ́bàá ilé, á yọjú. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó ní kí ọmọ aládùúgbò bá òun pe Stella.

"Ṣé o dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

"Mo dé ibẹ̀, mà."

"Kí ló wí?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ohun tí ẹnì kan bá bá mi sọ nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò láṣẹ láti gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Mi ò sọ ohunkóhun nípa tiyín fún wọn náà. Èyí tí mo lè sọ ni pé a ò ní lè fi ẹ̀yin méjèèjì wéra bí a ṣe rò. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ fún wa ṣì wúlò gan-an."

Wúlẹ̀mọ̀tù dúpẹ́. Ó dá fóònù padà fún ẹni tó ni ín. Ohun tó yé e nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé Màríámọ̀ kọ̀ òun. Ó ti gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ló rán ọmọ yẹn, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò sunkún. Ó wọlé, ó ká aṣọ orí máṣíìnì, ó tún un tẹ́, ó tún ká a.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa kí Stella tó padà wá sọ ohun tí wọ́n rí. Ó ní àyẹ̀wò náà máa ń pẹ́, ibi tó jìnnà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó jókòó sórí àga bàbá Sofiyullah, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́.

"Oríṣiríṣi kòkòrò ló yẹ kó wà nínú èèyàn, mà, bí oríṣi igi ṣe máa ń wà nínú igbó. Nínú yín, oríṣi náà kò pọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohun líle inú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èèpo ọkà ni wọ́n ń jẹ, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ohun tí ìfun fi ń lágbára. Àwọn yẹn gan-an ló kéré nínú yín. Ohun tí a rí lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan."

"Níbo ni wọ́n lọ?"

"Kò sẹ́ni tó tíì mọ̀ ọ́n dájú. Ó lè jẹ́ àìsàn ló lé wọn lọ. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ lọ kí àìsàn tó ráàyè wọlé. Oògùn tẹ́ ẹ ń lò pàápàá máa ń yí wọn padà. Ìdí tá a fi ń ṣèwádìí nìyẹn."

"Ṣé wọ́n lè padà wá?"

"Àwọn kan máa ń pọ̀ sí i bí èèyàn bá ń jẹ ohun tí wọ́n fẹ́ràn, mà. Ṣùgbọ́n mi ò ṣèlérí ìwòsàn o. Ẹ má torí èyí fi oògùn yín sílẹ̀."

Nígbà tí Stella lọ, Wúlẹ̀mọ̀tù gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Ilé ti ṣófo, ó mọ ìyẹn. Kò mọ̀ pé inú ara òun náà ti ń dá páropáro. Ó fẹ́ rí ẹni tó máa sọ ọ́ fún. Ó rò ó pé kí òun sọ ọ́ fún Sofiyullah lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà pè, ó ní ara le, òun ń lo oògùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn àṣùbáà, fóònù rẹ̀ dún. Kò mọ nọ́ńbà náà.

"Àǹtí Wúlẹ̀."

Èèyàn kan ṣoṣo ló kù láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sórí ibùsùn.

"Màríámọ̀?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàárọ̀." "Àǹtí, kí lẹ máa ń jẹ láàárọ̀?"

Wúlẹ̀mọ̀tù rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. "Kí lo wí?"

"Mo ní kí lẹ máa ń jẹ. Ọmọ tẹ́ ẹ rán wá gún mi ní ìka, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un wò. Ó ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sókè jù, kí n tètè dé ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ àtọ̀gbẹ ló ní òun ń ṣe, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ẹ ní in. Èmi náà ní in, Àǹtí. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ewúro ni mò ń fún mu. Mi ò mọ ohun tí mo lè jẹ mọ́, ebi ń pa mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mò ń rántí ẹsẹ̀ ìyá wa."

Wúlẹ̀mọ̀tù náà rántí rẹ̀. Àtọ̀gbẹ náà ló pa ìyá wọn, nígbà tí wọn kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Egbò kékeré kan ló ti ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò jinná, bẹ́ẹ̀ ló ń gòkè títí.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń tò sínú láti ọdún wọ̀nyí wá, èyí tó ti múra láti sọ bó bá gbọ́ ohùn Màríámọ̀ lọ́jọ́ kan, kò rí ọ̀kankan sọ nínú wọn.

"Má jẹ nǹkan kan títí n ó fi dé," ló wí. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò dáa fún ẹni tí ebi ń pa. "Rárá, jẹ ẹ̀wà díẹ̀. Má fi ṣúgà sí ògì. Mò ń bọ̀."

Ó se ẹ̀wà, ó ro ẹ̀fọ́ gbúre sí i, ó gbé e sínú kúlà, ó sì gun ọ̀kadà. Ní ojú ààlà, ṣọ́jà kan wo ojú rẹ̀, ó wo kúlà, ó ju ọwọ́ pé kí wọ́n máa lọ. Wúlẹ̀mọ̀tù di aṣọ ọlọ́kadà mú. Àwọn ilé tó jóná ṣì wà níbẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, koríko ti hù nínú àwọn kan. Kò lè rí wọn kedere. Ó kàn rí i pé ibi tó yẹ kí òrùlé wà, ojú ọ̀run ló wà níbẹ̀.

Azeezat, ìyàwó ọmọ Màríámọ̀, ló jáde sí i. Ó kúnlẹ̀ kí i bí èèyàn ṣe ń kí àlejò tí kò mọ̀ rí. Àwọn ọkùnrin tó jókòó sábẹ́ igi ọ̀dàn kí i, ó kí wọn. Màríámọ̀ yọ láti ẹ̀yìn ilé. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀, kò sì tètè dìde.

"Dìde," ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí.

Wọ́n wọ yàrá. Màríámọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Nígbà tí ibi iṣẹ́ wa jóná, mo rò pé ẹ máa wá."

"Mo mọ̀."

"Kò sí ọjọ́ tí mi ò bojú wo ọ̀nà, Àǹtí."

"Èmi náà wo ọ̀nà nígbà tí bàbá Sofiyullah kú."

"Lẹ́yìn tí wọ́n sin wọ́n tán ni mo tó gbọ́. Ọkọ mi ní bí mo bá lọ, kí n má padà."

Wúlẹ̀mọ̀tù kò mọ ìyẹn. Ó fẹ́ sọ pé òun dárí jì í, ṣùgbọ́n kò dá a lójú pé òun ti dárí jì í, kò sì dá a lójú pé àbúrò rẹ̀ ti dárí ji òun náà. Ó ṣí kúlà. Màríámọ̀ mú ṣíbí méjì wá. Abọ́ kan náà ni wọ́n fi jẹ ẹ́, wọ́n jẹ ẹ́ tán, kò sì sẹ́ni tó sọ pé ó dùn tàbí kò dùn.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni Wúlẹ̀mọ̀tù ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹsẹ̀. Ó ní kí ó máa wẹ̀ ẹ́, kí ó máa nù ún gbẹ láàárín ìka, kí ó má rìn láìwọ bàtà, kí ó sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ lójoojúmọ́.

"Ta ló ń bá yín wo tiyín?" ni Màríámọ̀ béèrè.

"Ta ni ì bá tún wà? Èmi ni. Mo máa ń fọwọ́ pa á."

"Ẹ gbé e wá."

Màríámọ̀ jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé itan, ó yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wà. Ó tún gbé e sún mọ́ ojú.

"Àǹtí, kí ló gún yín níbí?"

"Kò sí nǹkan tó gún mi."

"Egbò ni. Ó ti ń ṣọyún. Ẹ ò mọ̀ ọ́n lára?"

Wúlẹ̀mọ̀tù kò mọ nǹkan kan lára. Màríámọ̀ fi ìka tẹ ẹ̀bá rẹ̀, ó béèrè pé ṣé ó dùn ún, kò dùn ún. Àwọn méjèèjì wo ara wọn lójú. Màríámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń sunkún bó ṣe ń bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, ó ń sunkún bó ṣe ń wẹ ẹsẹ̀ náà, bó ṣe ń fi aṣọ mímọ́ wé e. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan Wúlẹ̀mọ̀tù bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, àfi ẹni tó fẹ́ gún un ní ìka.

Ọjọ́ náà ni wọ́n jọ sọ ọ̀rọ̀ àìsàn Màríámọ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí Azeezat mú un lọ sí ilé ìwòsàn Ìfọ́n lọ́jọ́ kejì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Wúlẹ̀mọ̀tù. Kò sọ pé kó sùn síbẹ̀. Òun náà kò retí pé yóò sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Rachael tú aṣọ ẹsẹ̀ náà láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ó mí ìmí ẹ̀dùn. Ó ní ìbá ṣe pé ó tún pẹ́ díẹ̀ sí i, Òṣogbo ni wọn ì bá gbé e lọ, kò sì dájú pé gbogbo ìka rẹ̀ ni ì bá bá a padà. Ó fún un ní oògùn, ó ní kó má tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ títí òun yóò fi ní ó tó. Ìdí nìyẹn tí Wúlẹ̀mọ̀tù kò fi lè jáde fún ìgbà pípẹ́. Ọlọ́kadà kan ń gbé e lọ sọ́dọ̀ Rachael, ó sì ń gbé e padà. Màríámọ̀ kò lè wá. Ọkọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ààlà kò tíì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àti pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i ní Ìlobù, kí ni òun yóò sọ fún àwọn èèyàn òun? Ó ń pè, àmọ́ kì í pẹ́ lórí fóònù. Á sọ iye tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́, á sọ bí oògùn ṣe ń dà á nínú rú, Wúlẹ̀mọ̀tù á ní kó máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, yóò dẹ̀.

Stella tún wá lẹ́ẹ̀kan sí i láti dágbére. Iṣẹ́ rẹ̀ ní agbègbè náà ti parí, ìlú mìíràn ló kàn. Ó rí ẹsẹ̀ tí wọ́n wé, ó gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

"Ó dùn mí pé n kò lè sọ fún yín nígbà yẹn, mà."

"Mo mọ̀. Mo ti rò pé ó kọ̀ mí ni."

"Wọn ò kọ̀ yín. Ìyẹn náà, kò yẹ kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí."

Wúlẹ̀mọ̀tù ṣàdúà fún un títí ó fi gun kẹ̀kẹ́ Máruwá lọ. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà lórí ẹsẹ̀ kan, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó mọ̀ pé òun kò ní rí ọmọ náà mọ́.

Àgbàdo tuntun ti gbó kí egbò náà tó jinná. Ọjọ́ tí Rachael ní kí ó máa rìn ló tún lọ sí Ìfọ́n, láti ìgbà náà ló sì ń lọ, nígbà tí ibẹ̀ bá rọ̀. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ á tún bẹ́ sílẹ̀ nípa oko kan, àwọn ọlọ́kadà á ní àwọn kò gba ibẹ̀ kọjá, á sì tó ìgbà kan kó tó lè lọ. Bó bá dé, wọ́n á jẹun, wọ́n á wo ẹsẹ̀ ara wọn. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ara Màríámọ̀ ń padà bọ̀ sípò. Àwọn ọkùnrin abẹ́ igi ọ̀dàn ti ń pè é ní Ìyá Ìlobù, kò sì mọ̀ bóyá àwàdà ni wọ́n fi ń ṣe àbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Kì í dúró níbẹ̀ di ìgbà tí òòrùn bá wọ̀. Á dé Ìlobù nígbà tí àwọn èèyàn bá ń tan iná sí ẹnu ọ̀nà wọn. Á ṣí ilẹ̀kùn, á kí ilé tó ṣófo ní sàláámù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kékeré pé kí á máa ṣe bí ẹnikẹ́ni kò bá tiẹ̀ sí nílé. Lẹ́yìn náà á fọ kúlà, á dorí rẹ̀ kodò kí omi ro kúrò níbẹ̀, á sì wọlé lọ.